Àwọn Ọmọ Fẹ́ràn Mi, Ṣùgbọ́n Bí Mi Ò Bá Sí Níbẹ̀, Iṣẹ́ Dúró

Ìbéèrè tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ nìyí, mo gé e kúrú: "Ọdún kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ọmọ 58 ló wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi débi pé wọ́n ń sín ọ̀rọ̀ mi jẹ, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyá kan wá sọ fún mi pé bí òun bá bá ọmọ òun wí, ó máa ń ní 'tíṣà wa ò sọ bẹ́ẹ̀.' Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún, tí ẹlòmíràn dúró fún mi, ariwo gba kíláàsì, wọn ò ṣe nǹkan kan. Èsì ìdánwò wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ ta ti kíláàsì kẹrin kejì yọ. Kí ni mi ò tíì ṣe? Ibo sì ni ojúṣe mi mọ?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa.

Ọjọ́ márùn-ún tí ẹ ò fi sí níbẹ̀ yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ju èsì ìdánwò lọ. Ara yín ni ìfẹ́ àwọn ọmọ náà so mọ́, kò tíì so mọ́ iṣẹ́. Bí ẹ bá wà níwájú wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí inú yín lè dùn. Bí ẹ bá ti jáde, kò sí ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún mọ́. Ẹ má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí gbogbo olùkọ́ tí ọmọdé fẹ́ràn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èyí tí wọn ò sì fẹ́ràn rárá, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ gan-an ló máa wá tì. Ohun tó kù ni kí ẹ máa ti ìfẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ kúrò lára yín, sórí ìṣirò, sórí ìwé kíkà, sórí bí wọ́n ṣe ń ronú. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ojú olùkọ́ kì í tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wo lẹ̀ ń pè? Ẹ ya àwòrán ìjókòó kíláàsì yín sórí bébà, àpótí kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ yín kan tí àyè bá yọ fún kó jókòó sẹ́yìn fún ogójì ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá ti pe ọmọ kan, kó fa ìlà kan sínú àpótí rẹ̀. Kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó sábà máa ń jáde ni pé ìwọ̀nba ọmọ tó jókòó níwájú àti láàárín ló ń gba ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Àwọn tó wà ní igun ẹ̀yìn lè lo ọ̀sẹ̀ gbáko láìgbọ́ orúkọ ara wọn, àfi nígbà tí ẹ bá ń pe rẹ́jísítà tàbí tí ẹ bá ń bá wọn wí.

Ojú tí olùkọ́ fi ń wo ọmọ wà lára ohun tó ń fà á. Ní 1968, olùwádìí méjì, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson, tẹ èsì iṣẹ́ ìwádìí kan jáde láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn olùkọ́ ní orúkọ àwọn ọmọ kan, wọ́n ní ìdánwò fi hàn pé orí àwọn wọ̀nyí máa tó là lọ́dún náà. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣe ni wọ́n fa àwọn orúkọ náà yọ bí ẹni ṣẹ́ kèké. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn ọmọ yẹn ti tẹ̀ síwájú ju ẹgbẹ́ wọn lọ, pàápàá ní kíláàsì kìn-ín-ní àti èkejì. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn gan-an lórí bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, èmi náà ò sì ní sọ fún yín pé ojú olùkọ́ nìkan lè la orí ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ ò fara sin. Ọmọ tí olùkọ́ bá ti gbà pé ó mọ̀wé, á rẹ́rìn-ín sí i, á dúró dè é bó bá ń rò ó, á fún un ní iṣẹ́ tó le díẹ̀, á sì fi ibi tó ti ṣì í hàn án. Èyí tó ti kà mọ́ olódo, á yára gba ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ojú má baà tì í. Àánú ni olùkọ́ rò pé òun ṣe. Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé tíṣà ti mọ̀ pé òun ò lè mọ̀ ọ́n.

Oògùn rẹ̀ ò wọ́n. Ẹ gé páálí sí ọ̀nà 58, ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan, ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó fa orúkọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ, ọmọ 57 yòókù ti gba ìsinmi. Bí ẹ bá fa orúkọ kan tán, ẹ dá a padà sínú agolo, nítorí bí ẹ bá yà á sọ́tọ̀, ọmọ náà á ti mọ̀ pé ti òun ti parí lónìí. Ẹ kàn fi àmì sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tí kò tíì kàn bí ọ̀sẹ̀ bá ń parí lọ.

Láàárín ìbéèrè àti orúkọ, ẹ dákẹ́. Ní nǹkan bí 1970, olùwádìí kan, Mary Budd Rowe, gbọ́ ohùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó tún ìbéèrè béèrè tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, "mi ò mọ̀" dín kù, àwọn tí kì í là ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á gùn létí yín bí ìgbà tí èèyàn ń dúró de mọ́tò.

Ẹ sì bá mi fi "ṣé ó yé yín?" sílẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn á pa ohùn pọ̀, "ó yé waaa!" Ọmọ tí nǹkan ò yé, òun gan-an ò mọ ibi tí kò ti yé òun, kí ló fẹ́ sọ? Dípò rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní páálí líle kan, fífẹ̀ rẹ̀ bíi ti ìwé ìkọ̀wé, tí ẹ ti kùn ní ọ̀dà dúdú lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ègé ṣọ́ọ̀kì àti àkísà. Ẹ béèrè, wọ́n á kọ, ẹ ó ní "ó yá, ẹ gbé e sókè." Kíá lẹ ti rí ìdáhùn 58, láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo fẹ́ ká fìdí kalẹ̀ sí ni ohun tí ẹ ń ṣe bí ọmọ bá ṣì í. Ká ní ẹ kọ 52 – 27 sójú pátákó. Wọ́n gbé páálí sókè, ogún ọmọ ló kọ 35. Olùkọ́ tó ń kánjú á ní "kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn," títí ẹnì kan á fi pe 25, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó tán. Ogún ọmọ yẹn á pa 35 rẹ́, wọ́n á kọ 25. Lọ́la, wọ́n á tún kọ 35.

Ẹ wo 35 yẹn dáadáa. Kì í ṣe ìwà jákujàku ló gbé e wá. Ọmọ náà wo ọ̀wọ́ ẹyọ, ó rí 2 lókè, ó rí 7 nísàlẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kíláàsì ìsàlẹ̀ pé inú ńlá là ń yọ kékeré, nítorí náà ó yọ 2 nínú 7, ó ku 5. Ó bọ́ sí ọ̀wọ́ ẹ̀wá, ó yọ 2 nínú 5, ó ku 3. Òfin kan tó mọ̀ dáadáa ló lò síbi tí kò yẹ. Bí ẹ ò bá tú òfin yẹn, bírò pupa ò lè bá yín tú u.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ 35 sójú pátákó, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní: "Ẹni tó kọ èyí, ó ro nǹkan kan. Kí ló rò?" Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ kan á sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó igi ọwọ̀ jáde: ìdì márùn-ún tí ẹ fi rọ́bà so, igi mẹ́wàá mẹ́wàá, àti ẹyọ méjì. "Mo fẹ́ kí ẹ mú 27 nínú èyí fún mi." Wọ́n á mú ìdì méjì. Ó ku ìdì mẹ́ta àti ẹyọ méjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ méje ni wọ́n ṣì ń wá. Ẹ dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá na ọwọ́, tó tú rọ́bà lára ìdì kan, tó da igi mẹ́wàá mọ́ méjì, tó ka méje kúrò nínú méjìlá, ọmọ yẹn ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí "yá ọ̀kan" tí wọ́n ti ń pè lórin látọjọ́ yìí túmọ̀ sí.

Ọ̀nà kejì wà, ẹnu àwọn ọmọ náà ló sì wà. Ẹ ní kí wọ́n pe 27 ní Yorùbá: ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ta dín lọ́gbọ̀n. Ó tán! Ẹ yọ ọgbọ̀n nínú 52, ó ku 22. Mẹ́ta lẹ fi yọ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dá mẹ́ta padà, ó di 25. Ẹ gbé 64 – 38 fún wọn. Èjìdínlógójì ni 38: 64 yọ ogójì, ó ku 24, dá méjì padà, 26. Gbogbo nọ́ńbà láti 25 dé 29, láti 35 dé 39, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ti orí ẹ̀wá tó wà níwájú dín padà. Ọmọ tó bá ń ka owó ní Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ìṣirò yìí kó tó wọ ilé-ìwé, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìṣirò ni.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Bí ìlànà ilé-ìwé yín bá tiẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ gbọ́dọ̀ fi kọ́ kíláàsì kẹrin, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa fi Yorùbá ṣàlàyé bó ṣe rò ó. Lẹ́yìn ìyẹn kó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ sọ pé wọ́n ń kọ lẹ́tà bíi tiyín. Bí wọ́n ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí ohun tí ẹ ṣe sí 35. Bí ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn ní "kí lo rò tó o fi kọ ọ́ báyẹn?" Ìyẹn gan-an ni kí wọ́n sín jẹ. Bí ẹ̀yin náà bá ṣì nǹkan kọ sójú pátákó, tí ọmọ kan rí i, ẹ má sáré nù ún. Ẹ yí i ká pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ẹ sọ ohun tí ẹ ń rò tí ẹ fi kọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ẹ wá tún un ṣe.

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe ń yìn wọ́n. Iṣẹ́ ìwádìí tí Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ̀ jáde ní 1998 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n yìn pé orí wọn pé tètè juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tó le dé, ju àwọn tí wọ́n yìn fún akitiyan wọn lọ. Kò nira láti mọ ìdí rẹ̀: bó bá jẹ́ pé orí mi ló pé ni mo ṣe gbà á, bí mi ò bá gbà á lọ́la ńkọ́? Ẹ dárúkọ ohun tí ọmọ náà ṣe: "O padà lọ ka ìlà kejì kó o tó dáhùn." Nínú ìwé wọn náà, ẹ má dábàá pé ẹ fẹ́ ka 58 lójúmọ́, pupa lásán lẹ ó máa fà. Ẹ ka méjìlá lójúmọ́, ẹ ó ti yí wọn ká láàárín ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì kọ ìlà kan ṣoṣo tó nítumọ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà yín. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ márùn-ún ti wà lójú pátákó kí àwọn ọmọ tó ti àsẹ̀mbìlì wọlé: mẹ́ta láti inú ẹ̀kọ́ àná, ọ̀kan láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan láti oṣù tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, mẹ́jọ ẹlẹ́ni mẹ́fà, méjì ẹlẹ́ni márùn-ún, kí ẹgbẹ́ kan máa yan iṣẹ́ márùn-ún náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sójú pátákó. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí wọn ò ti ní máa wo ojú yín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ̀yin àti olùkọ́ kíláàsì kẹrin kejì pààrọ̀ kíláàsì fún odindi òwúrọ̀ kan. Ẹ má ṣe dán an wò nípa fífi wọ́n sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà nítòsí o. Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò, ewu ni.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ níbí ni mọ́nítọ̀ tó ń kọ orúkọ aláriwo. Ọmọ náà ò ní ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ bí wọ́n ṣe ń gba bisikíìtì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pa orúkọ òun rẹ́. Ẹ pín iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dípò rẹ̀: ẹni tó ń pín ìwé, ẹni tó ń wo aago, ẹni tó máa ṣàlàyé fún kíláàsì. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí iṣẹ́ náà yí ọwọ́ padà, kó sì dé ọwọ́ ọmọ tó dákẹ́ jù náà.

Nígbà tí Táí Ṣólàrín dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ó fi kí èèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan sínú ètò ilé-ìwé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá sọ ní àsẹ̀mbìlì lè dùn létí, àmọ́ oko tó ń dúró deni lówùúrọ̀ kì í béèrè bóyá ọ̀gá wà nílé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo sọ yìí ni oko tiyín.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojúṣe. Ti ìyá tó wá sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò tíì lè ya "tíṣà mọ ìṣirò" sọ́tọ̀ kúrò lára "tíṣà mọ ohun gbogbo." Lójú ìyá rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé nílé, ohun tí màmá bá sọ ni kó ṣe, àti pé ẹ̀yin gan-an lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì, ẹ má sọ̀rọ̀ ìjọ yín, ẹ má sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú yín, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ lórí bí òbí kan ṣe ń tọ́mọ. Agbára tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ ò dé ibẹ̀.

Ẹ má rán ọmọ lọ sílé yín. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní láti bá a sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì máa rí yín. Ẹ má gba ẹ̀bùn tí ẹ ò lè fi han ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ má fún ọmọ kankan ní orúkọ ìnagijẹ, kódà èyí tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, torí ọmọ tó fẹ́ràn yín á gba orúkọ náà gbọ́.

Nítorí pé wọ́n fẹ́ràn yín, ọmọ kan lè wá sọ ohun tí kò lè sọ nílé fún yín lọ́jọ́ kan: pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, tàbí pé wọ́n ń lu òun ní àlùbolẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá ní kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má ṣèlérí ìyẹn. Ẹ sọ pé ẹ ó sọ fún kìkì àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: "kí ló tún ṣẹlẹ̀?" ni, kì í ṣe "ṣé ó ṣe báyìí fún ẹ?" Bó bá lọ tán, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ má pe ará ilé rẹ̀ láti wádìí. Bó bá jẹ́ pé inú ilé ni ẹni náà wà, orí ọmọ ni ìbínú yóò balẹ̀ sí lálẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 dáàbò bo ọmọ kúrò lọ́wọ́ irú ìwà bẹ́ẹ̀, ìwádìí sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí òfin yàn fún un. Tiyín ni kí ẹ gbọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ wọn, kí ẹ sì máa bá ọmọ náà lò bí ẹ ṣe ń bá a lò tẹ́lẹ̀.

Bí sáà kẹta bá ń parí lọ, ẹ jókòó kọ ìwé fún olùkọ́ tó máa gbà wọ́n ní kíláàsì karùn-ún. Ìlà méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó: ohun tó ti lè dá ṣe, àti ibi tó ṣì ti ń ṣì í pẹ̀lú ohun tó ń rò nígbà tó bá ṣì í. Ẹ má kọ "ọmọ dáadáa," ẹ má kọ "olóríkunkun." Ẹ kọ "kò nílò igi ọwọ̀ mọ́ láti ṣe 52 – 27, ṣùgbọ́n bí òdo bá wà lókè, bíi 50 – 27, ó ṣì ń kọ 37." Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ mú kíláàsì náà lọ kí olùkọ́ ọ̀hún ní yàrá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọn hàn án, kí ẹ̀yin sì dúró sẹ́yìn.